Àbúrò Ìyá Oníbúrẹ́dì

Kí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ tó dé abúlé wa, ẹ̀rín la fi ń mọ ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bó bá ti ń po ìyẹ̀fun láàárọ̀, á máa bá àbúrò rẹ̀ ṣàwàdà láti ojú fèrèsé. Bíríkìlà ni àbúrò náà. Òun nìkan ló kù fún un nínú ọmọ ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì dàgbà sí lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn la fi ń pè é ní Dákẹ́jẹ́ẹ́.

"Ìwọ yìí, bí ilé bá ń jó, ṣé wàá tiẹ̀ lè pariwo?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ni màá lọ pọn," ni yóò fi dáhùn.

Lọ́dún yẹn, baálẹ̀ ní kí Dákẹ́jẹ́ẹ́ bá òun tún ògiri àká òun mọ, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ sí i lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́lá kan láti olú ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin wá ṣèpàdé níbẹ̀. Ọkọ ọmọ baálẹ̀ ló ń kó wọn wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíríkìlà wà lórí àkàbà lẹ́yìn ògiri nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ bí àwọn yóò ṣe pa ọba. Ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni obìnrin náà wí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun fún ìyẹ̀fun. "Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń jìyà. Parí iṣẹ́ rẹ, kí o kúrò níbẹ̀."

Iṣẹ́ ọ̀hún ò parí. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tú àṣírí, ọba sì rán ọmọ ogun sí wa. Wọ́n kó gbogbo wa jọ síwájú àká.

"Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló gba ọ̀tá ọba sílé, òun nìkan la ó mú," ni ọ̀gágun wọn wí. "Bó bá jẹ́ olórí yín ni, gbogbo abúlé ló mọ̀ sí i, a ó sì jó o kanlẹ̀. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Baálẹ̀ wolẹ̀ títí. Ó wá nawọ́ sí bíríkìlà. "Ọwọ́ rẹ̀ ni."

Kò purọ́. Òótọ́ ọ̀hún ló burú ju irọ́ lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́ la ẹnu, àbúrò rẹ̀ mi orí sí i. Ó wo àwọn ilé tó yí wa ká, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òun ló mọ wọ́n. Ó wo àwọn ọmọ tó di aṣọ ìyá wọn mú. Ó ní, "Èmi ni." Wọ́n dè é, wọ́n mú un lọ. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé wọ́n ti yẹgi fún un.

A rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kó kúrò láàárín wa. Kò kó. Ó ń ta búrẹ́dì fún wa, títí kan baálẹ̀, ṣùgbọ́n àwàdà tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tọrọ àforíjì, á ní, "Ẹ gba búrẹ́dì yín kó tó tutù."

Nígbà tí ikú ń bọ̀ wá mú baálẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ẹkún ni baálẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ̀ bá ti kọ́kọ́ bi àbúrò mi, Bàbá. Ì bá gbà fún yín." Ó bò ó láṣọ, ó sì jáde.

Ọba mìíràn gorí oyè, ìránṣẹ́ rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà Ìyá. "Kábíyèsí ti foríji àbúrò yín, Mà."

"Ẹ ṣeun. Ibo lẹ sin ín sí?"

Ìránṣẹ́ ò mọ̀.

Èmi tí mo ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó ẹrù ni mo gbé e lọ sí olú ìlú. Ẹ̀ṣọ́ arúgbó kan nawọ́ sí pápá kan fún wa lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n. "Ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà, Ìyá. A ò fi àmì sí i." Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé òpin, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní kó jókòó sinmi.

"Bí mo bá fo ibì kan ńkọ́," ló wí, "tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ló wà?"

Mo dúró ti ẹṣin mi títí ó fi rìn ín tán.