Búútà Tí Bàbá Mi Fi Ń Gbé Ọ́ìlì

Òórùn tó ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré kì í ṣe ti búrẹ́dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé búrẹ́dì kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Nkololoun, ní ìlú Douala ní Kamẹrúùnù. Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń jóná ni. Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa: kì í ṣe òórùn bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù máa ń ta ni nímú, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Ọ́ìlì tó ń jóná wúwo, ó dà bí òróró tí wọ́n gbàgbé sórí iná, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí mo bá fẹ́ wọ yunifọ́ọ̀mù mi, bó bá ti ń kọjá ní imú mi ni màá gbọ́ òórùn náà, lábẹ́ òórùn ọṣẹ tí Ìyá mi fi fọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ funfun gígùn ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé kó ẹrù sí, kò sì tíì pé ọdún kan tí a rà á. Bàbá mi, tí gbogbo ọjà ń pè ní Bàbá Sìkírá nítorí èmi àkọ́bí wọn, ń ta ike: báàkẹ́tì, abọ́, ọpọ́n ìfọṣọ. Iléeṣẹ́ kan ní Bassa ni wọ́n ti ń kó wọn. Kí a tó ra ọkọ̀, orí bẹ́ńskìn, alùpùpù akérò, ni Bàbá ń di ẹrù náà sí, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ sì mọ bí ó ti máa ń rí: òkè báàkẹ́tì á máa bọ̀ lójú títì, èèyàn ò ní rí alùpùpù, kò sì ní rí ẹni tó ń gùn ún.

Tuntun ni wọ́n ra ọkọ̀ náà, ní ilé ìtajà kan ní Akwa tó jẹ́ gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀. Àlàájì Múfútáù ló mú wọn lọ síbẹ̀. Ará Ìsẹ́yìn bíi tiwa ni Àlàájì, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Akwa, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ra irú ọkọ̀ yẹn nínú gbogbo Yorùbá tí a mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá yìn ín fún Bàbá. "Kì í ṣe ọkajọ́n tí òyìnbó ti lò gbó o, Bàbá Sìkírá. Ó ní garantí. Bí nǹkan kan bá ṣe é, àwọn tó tà á ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Bàbá ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní dá wọn dúró lọ́nà. Ìyá wọn ń bẹ ní Ìsẹ́yìn, ìyá àgbà tí kò rí mi rí, tí kò sì rí àwọn àbúrò mi. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí àwọn ọmọ náà nígbà tí ojú ṣì ń ríran díẹ̀. Bàbá sì ṣe ìlérí fún gbogbo wa: "Iléyá tó ń bọ̀, ọkọ̀ yìí ni yóò gbé wa dé iwájú Ìyá mi."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, ilé wa kún fún àwọn ọmọ ìlú. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ka Fátíhà sí i, wọ́n ní ire ni yóò máa gbé. Àdúrà Àlàájì Múfútáù ló gùn jù. Àmín rẹ̀ mí lẹ́nu.

Mo máa ń rò ó pé àdúrà wọ̀nyẹn ló dí Bàbá mi lẹ́nu. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí èéfín ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ búlúù. Bàbá fa gééjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wọ́n nù ún, wọ́n tì í padà, wọ́n tún fà á yọ. Orí rẹ̀ gbẹ. Wọ́n rọ ọ́ìlì sí i. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún gbẹ.

Ìyá mi ní, "Ẹ gbé e padà fún wọn ní Akwa. Ṣebí wọ́n ní garantí."

Bàbá mi mi orí. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Gbogbo ayé ló bá mi yọ̀ lórí ọkọ̀ yìí. Ṣé kí n wá máa sọ kiri pé ó ń ṣàìsàn? Kí Àlàájì gbọ́ pé mò ń ráhùn lórí ohun tí àwọn júwe fún mi?"

Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Búútà kan wà nílé wa, kẹ́tùrù oníke aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá tẹ́lẹ̀. Bàbá rọ ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á lóṣòó bí ẹni tó fẹ́ wẹ ẹsẹ̀, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rọ ọ́. Onílé wa, obìnrin ẹ̀yà Bamiléké kan tó fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ á máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbé búútà kọjá. "Papa Sikira," yóò wí, "you di pray pass Imam." Gbogbo ilé ló gbà pé ẹ̀sìn Bàbá mi ti jinlẹ̀ sí i. Àwa nìkan la mọ̀. Bàbá sì ti kìlọ̀ fún mi: "Sìkírá, ohun tó wà nínú búútà yìí, inú ilé wa ni kó mọ o." Mo gbọ́ràn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fi mí ṣẹ̀sín nílé ìwé pé mò ń rùn bíi garáàjì.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, Àlàájì Múfútáù ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì yà sílé wa. Wọ́n kí wa, wọ́n rí búútà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Ọ́ìlì tuntun kì í dúdú. Ó pọ́n, ó sì ń fà bí oyin. Àlàájì na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọ́ìlì ń kán tótó sórí bàtà wọn funfun.

Bàbá sáré jáde. "Ẹ má bínú, Àlàájì. Ilẹ̀kùn wa yìí ló ń ké, òun ni mo tọ́jú rẹ̀ dè."

Kò sí ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n dúró sí. Kọ́tìnnì ló wà níbẹ̀.

Àlàájì gbé ìka wọn súnmọ́ imú. Wọ́n wo ọkọ̀ wa, wọ́n wo Bàbá mi. "Ilẹ̀kùn a máa ké lóòótọ́," ni wọ́n wí. Ìyá mi gbé ọṣẹ àti omi wá, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n lọ.

Ọjọ́rú ni ọkọ̀ náà kú. Wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní ilé kejì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àgbàlá sì ti kún fún àga àti àlejò láti ìdájí. Wọ́n to àga fara ti iwájú ọkọ̀ wa gan-an. Bàbá gbé búútà jáde, wọ́n tún gbé e wọlé. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níṣojú gbogbo èrò yẹn. "Bí a bá dé Bassa, màá ra ọ́ìlì rọ sí i níbẹ̀," ni wọ́n sọ fún Ìyá mi. A kì í lọ sílé ìwé lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nítorí náà mo bá wọn lọ. Iwájú ni mo jókòó sí, láìde bẹ́líìtì. Lónìí, n kò jẹ́ gba irú ẹ̀ fún ọmọ mi kankan.

A ti ń sún mọ́ iléeṣẹ́ ọtí, òórùn ọkà tí wọ́n ń sè ti gba gbogbo ojú títì, nígbà tí iná pupa kékeré kan tàn níwájú Bàbá. Àwòrán tó wà lára rẹ̀ ní ẹnu gígùn, ó sì ń kán omi tótó. Mo ní, "Bàbá, búútà kan ń tàn níwájú yín." Wọ́n rí i. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa yà sí, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, kò sí àyè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá da òkúta wẹ́wẹ́ sínú báàkẹ́tì òfìfo. Gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ṣé kò sí ohun tó ṣe ọ́?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn. Ìgbà tí mo dáhùn ni wọ́n tó wo ọkọ̀.

Wọ́n fà á dé garáàjì àwọn tó tà á fún wa ní Akwa. Èmi ni mo ń túmọ̀, nítorí Faransé ọjà ni Bàbá mi gbọ́. Ọ̀gá garáàjì náà kò pariwo, kò sì bú wa. Ó ní ẹ́ńjìnnì kú nítorí pé ọ́ìlì tán nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ bójú tó ọ́ìlì, garantí kò kan ìyẹn. Bàbá ní kí n sọ fún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń mu ọ́ìlì. Ọ̀gá náà béèrè pé, "Ìgbà wo ni ẹ wá sọ fún wa?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ń wo ilẹ̀. Mo tún un túmọ̀, mo rò pé wọn ò gbọ́. Wọ́n gbọ́.

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi kò pariwo mọ́ Bàbá, ẹ̀bà ni wọ́n ń rò, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè tí wọ́n fi ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ọmọ ìlú ń ṣe ìpàdé, Bàbá mú búútà náà lọ́wọ́. Wọ́n dìde níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí èéfín búlúù dé orí ìbéèrè ọ̀gá garáàjì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn: "Àṣé ọkọ̀ ló ń ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ yìí." Àwọn mìíràn bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá dúró síbẹ̀, wọn ò jókòó.

Ìgbà náà ni Àlàájì Múfútáù dìde. Wọ́n yọ fìlà. "Tèmi náà ń mu ún," ni wọ́n wí. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń fi ọ́ìlì pamọ́ sí. Ọjọ́ tí mo da tìrẹ sọ́wọ́ ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo mú ọ débẹ̀, ojú ló ń tì mí." Kí wọ́n tó jókòó, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ irú rẹ̀ ní Bassa ti na ọwọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí Akwa lọ́jọ́ kejì. Kò ṣeé sọ fún èèyàn mẹ́ta pé àìbìkítà ló mú kí àìsàn kan náà ṣe ọkọ̀ wọn. Wọ́n gba ọkọ̀ Àlàájì àti ti ọkùnrin Bassa wọlé, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n tún un ṣe lábẹ́ garantí. Tiwa ni wọn ò gbà. Wọ́n ní ó ti kú kí a tó sọ̀rọ̀. Títí di òní wọn ò gbà.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ Àlàájì jáde, iwájú ilé wa ló wá dúró sí. "Ẹnu rẹ ló gba ẹ́ńjìnnì mi là, Bàbá Sìkírá," ni wọ́n wí. "Títí tìrẹ yóò fi rìn, ẹrù Bassa dọwọ́ mi." Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ aṣọ ń kó báàkẹ́tì, ó sì ń gbé àwa ọmọ lọ sílé ìwé lórí ìdì àǹkárá. Iléyá kọjá, a ò lọ, mo sì rí Bàbá tí wọ́n ń yẹra fún fóònù Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn náà, Àlàájì bá wa rí ẹ́ńjìnnì ọkajọ́n kan ní ẹ̀bá èbúté, irú èyí tí wọ́n ti bẹnu àtẹ́ lù tẹ́lẹ̀. Ó rìn.

A gba ọ̀nà Mamfe wọ Nàìjíríà nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìyá Àgbà gbé ojú wọn súnmọ́ tèmi títí imú wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. "Sìkírá rèé," ni wọ́n wí. "Iwájú orí mi ló jí gbé." Wọ́n ṣì ríran tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn pé, "Ọkọ̀ yín ò yọ yín lẹ́nu?" Mo rí Bàbá tí wọ́n ya ẹnu láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n rárá kọ́ ló jáde. "Ó yọ wá lẹ́nu, Ìyá," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó, wọ́n sọ ọ́ fún wọn látòkèdélẹ̀, búútà àti gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nísinsìnyí mo ti ju ọjọ́ orí Bàbá mi ìgbà yẹn lọ, èmi náà sì ń gbé àwọn ọmọ mi lọ sílé ìwé láràárọ̀ ní Douala yìí. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Èmi kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọmọ bá wúkọ́, olùkọ́ yóò gbọ́. Bí ọkọ̀ bá dún lọ́nà tí kò yé mi, garáàjì yóò gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ pé wọn yóò ní mo ti tún dé. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, búútà pupa kékeré yẹn á tàn níwájú mi. N kì í sún kí iná náà tó kú. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀, wọ́n á dákẹ́ lẹ́yìn, a ó jọ máa wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Mo ṣì ń rò ó bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ nígbà tí àbíkẹ́yìn mi na ọrùn láàárín àga méjèèjì. "Maman," ó wí, "ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn."

A lọ sọ fún wọn.