Wáyà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé

Ọkọ̀ bàbá mi ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fi gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí n sì máa fi ṣe iṣẹ́ ara mi ní àwọn ọjọ́ yòókù. Apẹja ni bàbá mi, ará etíkun Òǹdó tó ti ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà Bàrígà kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni èmi ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ni mẹkáníìkì. Àdúgbò Fọlá Agoro ló ti ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ní kí n ṣíná ọkọ̀, ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó fò sókè, ó lẹ̀ mọ́ orí H, àmì pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. Mi ò tíì wa ọkọ̀ náà rárá lọ́jọ́ yẹn. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù rinrin. Mo wà á jẹ́jẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi wo géèjì yìí. Ó ní ẹ́ńjìnnì gbóná, kò sì gbóná."

Ó wo omi radiétọ̀, ó pé. Ó yọ wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, nǹkan kékeré tó ń bá géèjì sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó ní, "Wo ọwọ́ yẹn fún mi. Ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Rárá o. Ibẹ̀ náà ló wà."

"Sẹ́ńsọ̀ kọ́ nìyẹn. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ni, bí mo ṣe yọ wáyà yìí, ó yẹ kí ọwọ́ géèjì bọ́ sílẹ̀. Wáyà yìí ti bó níbì kan, ó ń kan irin ara ọkọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbọ́n mi mọṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó tọpa wáyà náà dé ẹ̀yìn bátìrì, níbi tó ti wọ àárín àwọn wáyà mìíràn tí wọ́n fi tépù wé pọ̀. Kó tó lè rí ojú ibi tó bó, àfi kó tú gbogbo rẹ̀. Ni fóònù rẹ̀ bá dún: kọ́sítọ́mà kan ń dúró dè é ní Onípanu. Èmi náà ń kánjú, ìwé ètò ìsìnkú kan wà lórí ẹ̀rọ mi, àwọn olóòkú sì ti jókòó tì í.

"Àbí kí n gé e ná?" ó bi mí. "Géèjì ló ń parọ́, nǹkan kan ò ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ. Tọ́wọ́ ẹ bá dilẹ̀, kó o gbé e padà wá."

Mo ní, "Ẹ gé e."

Ó tẹrí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi píláyà gé e. Ọwọ́ géèjì bọ́ sórí C, àmì pé ẹ́ńjìnnì tutù, ó sì dúró síbẹ̀. Mi ò gbé ọkọ̀ náà padà. Òun náà ò béèrè.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ ojú bàbá mi tó pé. Dókítà ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà. Èyí tó kù ni wọ́n fẹ́ dá dúró. A kúrò ní Bàrígà láàárọ̀ kùtù. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fẹnu kan nǹkan kan, torí wọ́n ní kó má jẹun.

Ní Fádèyí, mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Mo wo géèjì. Orí C ló wà. Mo sì ń wa ọkọ̀ lọ. Irú ìwà òmùgọ̀ wo nìyẹn? Mo mọ̀ pé a ti gé wáyà rẹ̀, síbẹ̀ mo wò ó, ọkàn mi sì balẹ̀. Kò pẹ́ tí èéfín fi bo gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì han gooro, ó sì kú. Rọ́bà tó ń gbé omi wọ radiétọ̀ ló ti bẹ́, omi ti dà tán.

"Kí ló dé?" bàbá mi béèrè.

"Ẹ́ńjìnnì ló gbóná, Bàbá."

"Géèjì ò sọ fún ẹ?"

"Kò sọ."

Nígbà tá a fi rí takisí, tá a sì dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ò bínú sí wa. Ó kàn kọ ọjọ́ mìíràn fún wa, oṣù mẹ́rin síwájú. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé ojú ń dun gbogbo àwọn tó jókòó yẹn náà. Kí oṣù mẹ́rin yẹn tó pé, bàbá mi ti ń fọwọ́ tálẹ̀ wá ife omi tó wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi sọ lójú gbogbo wọn pé èmi ni mi ò yẹ omi wò. Òótọ́ ni, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo dúró kó mẹ́nu kan wáyà. Kò mẹ́nu kàn án. Èmi náà ò sọ ọ́, torí bí mo bá ní òun ló gé e, wọ́n á bi mí pé ta ló ní kó gé e.

Nígbà tí mo máa ta ọkọ̀ náà, ẹni tó fẹ́ rà á mú rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wá. Ọkùnrin náà tú tépù ẹ̀yìn bátìrì, ó sì rí ibi tó bó kí n tó mu omi inú ọ̀rá kan tán. Kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.

Sátidé ni mo máa ń lọ sí Bàrígà báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ní Sọ́ńdè, ká má bàa pàdé. Èmi ni mò ń bá bàbá mi yọ egungun ẹja. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ ò jọ ń wá mọ́."

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ.