Owó iṣẹ́ abẹ ojú Bàámi bá wáìfáì kafé lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Lánàá, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù mi lọ sí kafé kan nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú. Wáìfáì wọn ni mo fi wọ àkáǹtì mi, kí n lè mọ̀ bóyá owó oṣù ti wọlé. Ìkìlọ̀ kan yọ sí mi pé ojú ewé náà kò ṣeé fọkàn tán. Mo ń kánjú, mo kàn tẹ "yes", mo sì tẹ password mi.

Láàárọ̀ yìí, ATM ní kò sówó. Mo sáré wọ báńkì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ní, "Màdáámù, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tẹ password yín?"

"Èmi ni."

"Wáìfáì ta ni?"

"Ti kafé."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí wa. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, irú owó tí wọ́n bá jí báyìí kì í sábà padà."

Apẹja ni Bàámi ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ ojú wọn, owó rẹ̀ ló lọ yẹn. Mo pè wọ́n, mo ń sunkún. Wọ́n ní, "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran díẹ̀."

Mo kọ lẹ́tà náà o. Akọ̀wé tó gbà á kò tilẹ̀ kà á, ó kàn jù ú sórí òkìtì lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn.

Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí nínú yín? Ṣé ẹ rí owó yín gbà? Bí ẹ ò bá rí i gbà, ẹ sọ fún mi náà.