Ọjọ́ Tí Gbogbo Agboolé Ń Ṣọ́ Ẹnu Bàbá Àgbà

Ọbẹ̀ ìsápá tó ń ta sánsán ló fà mí wọ búkà kan ní Èjìgbò lóṣù tó kọjá. Àkọlé gàdàgbà wà lára ògiri wọn: OÚNJẸ ÀJẸPỌ́NNULÁ. Mo tọ́ ọ wò. Ó kan gógó, iyọ̀ rẹ̀ kò tó, irú inú rẹ̀ kò sì ju òórùn lásán lọ. Mo wo àwọn tó jókòó yí mi ká. Bébà ni gbogbo wọn fi ń nu ẹnu. Mo pe ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá.

"Ta ló pọ́n ẹnu lá níbí láti àárọ̀?"

"Ìpolówó ni, Mà. Ẹ má bínú."

Mo bínú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀dà ara ògiri. Ní Másífà tí a bí mi sí, ẹ̀rí ni. Ọmọ tó bá ń jẹun tó ń pariwo pé ó dùn, ọ̀kánjúwà lorúkọ rẹ̀. Àgbàlagbà kì í tilẹ̀ yin ọbẹ̀ rárá. Ahọ́n ni alásè ń wò. Bí ẹni tó jẹun bá jẹ tán, tó pọ́n ẹnu rẹ̀ lá láìmọ̀ pé òun ṣe é, ọbẹ̀ ti jàre nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ahọ́n ni wọ́n fi dá ẹjọ́ tèmi náà.

Mo ti lo ọdún méjì nílé ìwé nígbà tí Bàbá Àgbà, tí wọ́n bí bàbá mi, ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ìwé ń ba ọwọ́ ọmọbìnrin jẹ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ títí, àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà: kí n dá ọbẹ̀ sè. Bí Bàbá Àgbà bá pọ́nnu lá, mo ń padà sílé ìwé; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oko yá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní kíláàsì tó ṣíwájú tèmi, kò mọ bí a ṣe ń dáná, kò sì sẹ́ni tó ní kó gbé omi kaná. Olùpẹ̀jọ́ náà tún ni adájọ́. Ìsápá tí kíkan rẹ̀ máa ń dójú ti ìyàwó ilé ni wọ́n sì yàn fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Mo bọ ìsápá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fún un títí omi rẹ̀ fi mọ́. Mo lọ ẹ̀gúsí lórí ọlọ, mo fi epo, irú àti ẹja gbígbẹ sí i. Bàbá Àgbà ti kìlọ̀ fún ìyá mi pé wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún bu iyọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi húkọ́. Mo dá iyọ̀ padà. Ikọ́ kò sí nínú òfin.

Nígbà tí iyán délẹ̀, agboolé pé. Bàbá Àgbà ń jẹ, wọ́n ń pa ètè dé pinpin lẹ́yìn òkèlè kọ̀ọ̀kan. Bí epo bá kan ètè, wọ́n á fi etí aṣọ nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà. Ìrẹ́jẹ ojú ọ̀sán!

"Bàbá, ẹ fi aṣọ sílẹ̀ o!" Ìyá Àgbà, aya wọn, ló kígbe.

"Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ tiyín ni. Àmọ́ èmi ni n ó fọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Àgbà mú tiwọn mọ́ra, wọ́n ṣan ọwọ́. Ni wọ́n bá tún yọjú wo inú àwo, bóyá nǹkan kù. Kò kù. Ahọ́n wọn yọ wẹ́rẹ́, ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan dé èkejì, ó wọlé padà.

"A rí yín o, Bàbá! Ẹ ti pọ́nnu lá!" ni agboolé hó.

"Ahọ́n ló ṣe é," ni Bàbá Àgbà wí, "kì í ṣe èmi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tètè sùn. Ilé ìwé ń bẹ lọ́la."

Mo kàwé dé yunifásítì, síbẹ̀ n kò tíì gbà pé ìdánwò náà tọ́. Lónìí, ọmọbìnrin kan kì í se ọbẹ̀ ní Másífà kó tó wọ kíláàsì, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n alágídí tí ẹ̀rí mú, tó lè sẹ́, tí kò sẹ́, irú wọn ṣì ń bẹ láàrin wa, àwọn ni mo fọkàn tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún ìdánwò tèmi, Bàbá Àgbà fúnra wọn ló fa àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ nílé ìwé. Wọn ò béèrè ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.