Ìkúnlẹ̀ Tó Wó Ààrò Búrẹ́dì

“Má gbọ́wọ́ kúrò o! Bí ọba pàápàá bá wọlé, má gbọ́wọ́ kúrò!”

Ìyá bàbá mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlobù. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ẹnu ààrò búrẹ́dì tí a ń mọ dúró. Amọ̀ tútù ń ṣàn bọ̀ ní ìgúnpá mi, èèrà kan ń rìn lọ́rùn mi, n kò sì gbọdọ̀ yún un. Ìṣù amọ̀ kan péré ló kù tí Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, fẹ́ fi sí i kí ẹnu náà lè dá dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta la ti wà lẹ́nu ẹ̀. Òkìtì ọ̀gán ni Màmá ti bu amọ̀ náà, wọ́n ní ikán ti bá wa pò ó tán, kò sí bíríkìlà tó lè pò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gé koríko gbígbẹ sí i, wọ́n bu omi lù ú, wọ́n káṣọ sókè, wọ́n wá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀-pọ́tọ̀, pọ̀tọ̀-pọ́tọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti àkọ́rọ̀ òjò. Ọparun lílà ni egungun ààrò, àwa ń lẹ amọ̀ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìfọ́n ni Màmá ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá wọn, torí ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n kí wọ́n tó wá fẹ́ bàbá àgbà mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń kánjú. Màmá tó lè jókòó ti ẹ̀wà kí wọ́n máa ṣà á látàárọ̀ dọ̀sán, wọn ò dúró jẹun.

“Màmá, kí lẹ ń lé?”

“Mo fẹ́ kí ìyá ẹ rí nǹkan fi máa yan búrẹ́dì ni. Dákẹ́, kó o dì í mú.”

Ibẹ̀ la wà tí bàbá àgbàlagbà kan yọ ní kọ̀rọ̀ ilé. “Ẹ kúulé o!”

Ẹ̀gbọ́n Màmá ni. Inú fọ́tò nìkan ni mo ti máa ń rí wọn, torí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù wa àti Ìfọ́n wọn kò jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan ilé wa rí lójú mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wa, orúnkún rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ kí etí tó gbọ́. Kí n tó ronú, mo ti wà nílẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ sà!”

Gbìì!

Ẹnu ààrò wó, òrùlé tẹ̀lé e, ọparun fò jáde, ẹrọ̀fọ̀ sì ta sára aṣọ funfun àlejò. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ń retí ìgbátí, kò dé. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

“Ọmọ yìí pa mí,” Màmá wí, jẹ́jẹ́.

Bàbá wo àwókù náà, wọ́n wo àbúrò wọn. “Mọ́tò ń dúró níta.”

“Ẹ ní kó máa lọ.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ báyìí?”

Bàbá jáde lọ sọ fún dírẹ́bà kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n bọ́ bùbá, wọ́n fi kọ́ okùn aṣọ.

“Iyanrìn dà? Ìyá wa kì í mọ ọ́n láìkó iyanrìn tútù sí i nínú, tí yóò gbé òrùlé dúró títí amọ̀ á fi gbẹ. Ìkánjú lo fi mọ èyí.”

Wọ́n wọnú ẹrọ̀fọ̀. Títí oòrùn fi wọ̀ làwọn méjèèjì ń mọ ọ́n, tí wọ́n ń jiyàn lórí bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ààrò gbẹ, Bàbá padà wá, wọ́n jẹ búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n lá ìka, wọ́n lọ. Wọ́n tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Èmi rò pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di tíṣà ní Òṣogbo, mo wá kí Màmá lórí àìsàn. Mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀ wọn.

“Ṣó o rántí ààrò tó o wó?” wọ́n bi mí. “Báàgì mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn, mo ti di ẹrù tán. Èmi ni mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tún ń gbóná, tí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á dákẹ́, torí ọmọ Ìfọ́n ni mí. Mo ní kí n kúkú padà sí Ìfọ́n, kí n má wá mọ́. Ààrò yẹn ni mo fẹ́ fi dágbére fún yín.”

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. “Màmá, tí ò bá wó ńkọ́?”

“Ǹ bá ti lọ. Àmọ́ kí n fi àwókù sílẹ̀, kí wọ́n ní ohun tí ọmọ Ìfọ́n lè ṣe nìyẹn? Rárá o. Nígbà tó sì fi máa gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi ti ń wọlé yìí, ọkàn mi ti balẹ̀.”

Gbogbo àárọ̀ tí Màmá fi búrẹ́dì gbígbóná jí mi, gbogbo irun tí wọ́n dì fún mi, ọwọ́ mi méjì ni wọ́n wà. Ká ní mo gbọ́ràn, ǹ bá ti pàdánù wọn ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Màmá ti papò dà báyìí. Títí dòní, tí àgbà bá wọlé, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ló ń bá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù mi ti fọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé n kò lè kọ́kọ́ gbé nǹkan ọwọ́ mi kalẹ̀ ná kí n tó kúnlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Orúnkún mi ni kò gbà.