Gbólóhùn Tí Aunty Fọlákẹ́ Kò Rí Sọ

Nígbà òtútù èṣí, kí àwọn igi Decatur wa níbí tó rúwé, èmi àti Aunty Fọlákẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Atlanta. Mo ti bá àwọn nọ́ọ̀sì yanṣẹ́lódì n'Íbàdàn kí wọ́n tó bí ẹ̀yin ọmọ wa, mo sì ti fa tíágáàsì símú. Kò sí èyí tó ń gba oorun lójú mi bíi ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Àbá òfin kan la lọ tako. Wọ́n fẹ́ mú kó rọrùn láti ra sáílẹ́ńsà, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ìró rẹ̀ lè lọ sílẹ̀.

Uncle Dáre, ọkọ Aunty Fọlákẹ́, ló máa ń darí àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Clarkston. Ẹ mọ bí a ṣe ń gbàdúrà, kálukú á gbóhùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu àdúrà la wà lọ́jọ́ Àìkú kan tí àwọn tó ń bá ara wọn jà yìnbọn níta. Pẹ̀lú gbogbo ariwo wa, Aunty Fọlákẹ́, tó wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé, gbọ́ ìró ìbọn àkọ́kọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí àwọn ọmọ dojú bolẹ̀. Ọta wọ ara ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n ọmọ kankan ò fara pa. Ìta ilẹ̀kùn yẹn kan náà la ti bá òkú Uncle Dáre.

"Mummy, mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìdí tí mo fi ti ilẹ̀kùn ni," ó sọ fún mi nínú ọkọ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀ kékeré tó ń yẹ àbá náà wò, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀. Bàbá ọdẹ kan ló ṣáájú wa. Ó ní ìbọn ti ba etí òun jẹ́, pé sáílẹ́ńsà kì í sọ ìbọn di odi, ó kàn ń dín ìró rẹ̀ kù. Mi ò lè pè é ní òpùrọ́, torí mo rí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí rẹ̀.

Aunty Fọlákẹ́ bọ́ síwájú, ó kọ́kọ́ tẹ orúnkún. Ó kí alága, ó kí àwọn aṣòfin tó kù, ó jíṣẹ́ pásítọ̀ wa, ó dúpẹ́ pé wọ́n gbà wá sí ilẹ̀ wọn, ó sì bá bàbá ọdẹ kẹ́dùn etí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Iná pupa tàn. Alága ní àkókò rẹ̀ ti pé.

"Sir," ó wí, "I have only greeted you."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n pe ẹni tó kàn.

Ìgbìmọ̀ kékeré yẹn fọwọ́ sí àbá náà. Kò tíì di òfin, kò sì tíì kú. Ohun tí a rí jèrè ni pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mọ ọ̀nà ibẹ̀ wàyí. Ṣùgbọ́n a ṣì jẹ obìnrin yìí ní gbèsè. Bí a ṣe padà dé Decatur ló yíjú sí mi.

"Mummy," ó ní, "wọ́n á rò pé mo kàn tìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi ni."

Ohùn yẹn ò kúrò létí mi. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pè wá, kí ẹ bá a sọ ọ́: ìró ìbọn ló gbọ́ tó fi ti ilẹ̀kùn, ìró yẹn ló sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn wà láàyè. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kí wọn.