Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí A Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ní ìgbà òtútù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àwọn aṣòfin ń jiyàn lórí òfin ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara, mo ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò tíì kúrò lára mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Woolwich nílùú òyìnbó níbí lè má mọ ohun tí a ń béèrè. Ìlà kan ṣoṣo ni: kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà pé òṣìṣẹ́ tó bá fẹjọ́ sùn pé wọ́n ń fìyà jẹ arúgbó kò ní pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gba àwọn òṣìṣẹ́ náà wá láti Nàìjíríà ló di ìwé yẹn mú.

A ní kí àwọn èèyàn buwọ́ lùwé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn. Ìwé náà kún fọ́fọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin àdúgbò wa, tí mo ń yan bí ẹni tó ti borí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí akọ̀wé rẹ̀ fi pè mí. Ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi: Mummy Tósìn. Daddy Samuel. Ìyá Ìbejì. Sister Grace. Kò sí àdírẹ́sì. Obìnrin náà rọra bi mí pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé fìlà mi sórí tábìlì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo gba máìkì. “Ṣé orúkọ tí wọ́n sọ yín lọ́jọ́ kẹjọ ti sọnù ni?” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, àfi Mummy Tósìn. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Thamesmead. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Uncle, ẹ bú wa o.”

“Mo bú yín. Ẹ ba iṣẹ́ jẹ́.”

“Mo mọ orúkọ mi, sir. Sponsor mi, ilé iṣẹ́ tó mú mi wá, náà mọ̀ ọ́n. Tí manager bá rí i níbẹ̀, tó bá cancel sponsorship mi, oṣù méjì péré ni mo ní láti fi rí òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dá mi padà sílé. Ẹ̀yin ní British passport. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín?”

Àṣé kì í ṣe àìmọ̀kan. Wọ́n fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ fara pamọ́. Èmi tí mo ń pariwo nítorí òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rù ò dá ìbẹ̀rù mọ̀ nígbà tí mo rí i. Inú bí mi sí ara mi.

Mo ní kí ẹni tí ilé iṣẹ́ kankan ò lè gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan wá buwọ́ lu ìwé tuntun. A pàdé ní Birchmere Park lọ́sàn-án Sátidé, lórí bẹ́ǹṣì létí omi. Bùkọ́lá ṣáà wá. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àdírẹ́sì, ó wá kọ ohun tó rí: bàbá òyìnbó kan tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ torí pé òṣìṣẹ́ ò tó.

“Ṣé ó dá ẹ lójú pé o fẹ́ ṣe é?”

“Uncle, bàbá yẹn máa ń kan ilẹ̀kùn. Ó máa ń rọra kàn án ni, polite, bí àlejò. Nínú yàrá tiẹ̀.”

Aṣòfin náà ka ọ̀rọ̀ Bùkọ́lá ní ilé ìgbìmọ̀, kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba dé ilé ìtọ́jú náà, wọ́n sì ní kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Òfin jáde, ìlà tiwa ò sí nínú rẹ̀. Kò ṣòro fún ilé iṣẹ́ náà láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, torí Bùkọ́lá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yàrá bàbá náà wà. Wọn ò lé e. Wọ́n kàn ń dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù títí kò fi sí mọ́, wọ́n wá fa ìwé rẹ̀ padà. A wá ilé iṣẹ́ mìíràn tó lè gbà á títí, a ò rí. Òun àti Tósìn padà sí Abẹ́òkúta.

Ẹ máa ń bi mí bóyá a borí. Ilẹ̀kùn kan ṣí. Ẹni tó ṣí i ò sí láàárín wa mọ́, ó sì ń dùn mí. Orúkọ tèmi ló ṣíwájú lórí ìwé yẹn, kò sì sí ẹni tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ìlà wa ṣì kù, a sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn.

Mo pe Bùkọ́lá lóṣù tó kọjá láti tọrọ àyè pé kí n tún lo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tó fi béèrè.

“Uncle, bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò tì í mọ́lé mọ́?”

Mo ní wọn ò tì í mọ́, pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kí i ni. Ó dúpẹ́. Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́, mo ní n ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

“Ẹ má fi pamọ́, sir. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”